Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Awakọ̀ ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà: Ẹ Wá Ìdí Tí Éésì Ò Fi Tutù Kí Ẹ Tó Ra Gáàsì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wakọ̀ ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìyá àti bàbá tó ti ilé wá ṣe Úmúrà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí éésì ọkọ̀ bá ti kọ̀ tí kò tutù mọ́, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu púpọ̀ nínú wa ni pé gáàsì ti tán. A ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn ó rọ gáàsì sí i, a ó sanwó. Kò ní pẹ́ rárá, ooru a tún padà. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń ra agolo gáàsì fúnra wọn, wọ́n ń rọ ọ́ nínú ọgbà ilé.

Ìkìlọ̀ mi kò ju méjì lọ. Gáàsì kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Gáàsì yìí kan náà ló sì wà lára ohun tó léwu jù nínú éésì, tí kò yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kàn. Púpọ̀ nínú ohun tó kù ni ojú, etí àti ọwọ́ yín lè yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ kan láìná rìyáà kan.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ooru Jẹ́dà wọ ìwọ̀n 52 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí Háàjì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n wọn 51.8 ní Mọ́sálásí Ńlá tó wà ní Mẹ́kà. Lẹ́yìn Háàjì náà, ìjọba Sáúdí kéde pé ènìyàn 1,301 ló kú, àti pé bíi márùn-ún nínú mẹ́fà wọn ni kò ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn jìnnà nínú oòrùn láìríbi forí pamọ́ sí. Ẹni tó bá rántí ìyẹn kò ní ka éésì ọkọ̀ sí ohun fàájì níbẹ̀.

Jẹ́dà wà létí Òkun Pupa, ọ̀rinrin sì kún inú afẹ́fẹ́ rẹ̀, débi pé gíláàsì ojú a máa ṣú fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tútù. Iṣẹ́ méjì ni éésì ń ṣe níbẹ̀: ó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, ó sì ń fa omi kúrò nínú rẹ̀. Mẹ́kà ní tirẹ̀ wà nínú àfonífojì láàárín àwọn òkè olókùúta, nǹkan bí 80 kìlómítà sí Jẹ́dà. Ooru tibẹ̀ gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpáta a gba oòrùn sára lọ́sàn-án, a sì máa tú u jáde lóru. Éésì tó bá ń rápálá ní Jẹ́dà lè dákẹ́ pátápátá bí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà Mẹ́kà. Ilé ló yẹ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Bí éésì ṣe ń ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ló ń ki gáàsì mọ́lẹ̀ títí á fi gbóná. Gáàsì gbígbóná yìí á lọ sí kọ̀ńdẹ́ńsà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó dúró níwájú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn àti fáànù ti ń gba ooru lára rẹ̀ títí á fi di omi. Láti ibẹ̀, á gba ojú ihò tóóró kan wọ kọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù, á tú ká, á sì tutù nini. Fáànù inú ọkọ̀ á wá fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára kọ́ìlì náà, èyí tó ń fẹ́ sí wa lójú nìyẹn. Gáàsì á tún padà sínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀.

Ẹ rí i pé yíyípo ni gáàsì ń yípo nínú páìpù tí a dì pa. Kì í jó tán bí epo pẹtiróòlù. Yàtọ̀ sí bíńtín tó lè máa yọ́ jáde láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, bí gáàsì bá dín, ó jò ni. Ẹni tó bá ń rọ gáàsì láìwá ojú ibi tó ti ń jò ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ohun mẹ́ta ló sì lè dí éésì lọ́wọ́: kí afẹ́fẹ́ má rí ọ̀nà kọjá lára kọ́ìlì inú, kí kọ̀ńdẹ́ńsà má rí atẹ́gùn tí yóò gba ooru lára rẹ̀, tàbí kí gáàsì, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tàbí wáyà iná ní àbùkù. Eruku ló sábà máa ń fa méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ Sáúdí kò sì ṣaláìní eruku.

Ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò fúnra yín

Ẹ ṣe é lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí oòrùn tó mú. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, òfin Sáúdí kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fi òṣìṣẹ́ sínú oòrùn láàárín aago 12 sí aago 3 ọ̀sán. Ohun tí òfin kò gbà kí wọ́n fi alágbàṣe ṣe, ẹ má fi ara yín ṣe é. Ẹ ká ọwọ́ jalabíà sókè, ẹ ṣí ìborùn tàbí láwàní tó ń fì kúrò lọ́rùn, nítorí fáànù iwájú ọkọ̀ lè ṣàdédé yí, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń lo éésì náà. Ọkọ̀ tó ti dúró sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta ti gbóná ju ìta lọ. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì bí ẹ ṣe ń gbéra, kí ooru inú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á dé. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya ọfà tó tẹ̀ kọdọrọ sínú ọkọ̀ sí, èyí tó ń mú kí éésì máa tún afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ mú tutù dípò kó máa fa ti ìta wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń fi bọ́tìnnì yìí sílẹ̀ ní pípa, tí éésì wọn ń bá gbogbo ooru Jẹ́dà jà láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí wọ́n á sì ní éésì kò dáa.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń tutù ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ dáadáa, ẹ wá fílítà inú ọkọ̀. Nínú púpọ̀ ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré iwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló wà. Ẹ yọ ọ́ síta, ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ti dúdú, tí eruku àti irun dì mọ́ ọn, ẹ ra òmíràn. Ìwé ọkọ̀ máa ń sọ iye kìlómítà tí ẹ ó rìn kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nílẹ̀ eruku ẹ má dúró dìgbà náà. Bí fáànù inú ọkọ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìwọ̀n tó ga jù nìkan, tí àwọn ìwọ̀n kékeré kò dáhùn, ẹ̀yà iná kékeré tó ń dín agbára fáànù kù ló sábà máa ń jó. Kò kan gáàsì rárá.

Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí kọ́ọ̀bù omi yìnyín ṣe máa ń làágùn lára ní Jẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ìlì inú ọkọ̀ ń làágùn, omi rẹ̀ á sì máa kán sílẹ̀. Omi mímọ́ gaara yẹn kì í ṣe àmì àìsàn, ẹ̀rí ni pé kọ́ìlì ń tutù. Ohun tó yẹ kó kó yín lọ́kàn sókè ni kí éésì máa ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rinrin Jẹ́dà fún wákàtí kan kí ohunkóhun má kán, tàbí kí kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ máa rin. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá rin, páìpù tí omi ń gbà jáde ti dí, òórùn bíi ti ẹní tó rin kò sì ní pẹ́ dé. Bí omi náà bá láwọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí tó ń ta òórùn dídùn, ti rédíétọ̀ ni, ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ fetí sí bí ó ṣe ń yí padà. Bí éésì bá tutù fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, tí afẹ́fẹ́ wá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́, ṣùgbọ́n tí ó padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí ẹ pa á fún ìgbà díẹ̀, yìnyín ló dì sára kọ́ìlì. Fílítà tó dí lè fà á, gáàsì tó dín sì lè fà á. Fílítà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí owó rẹ̀ kéré.

Àyẹ̀wò tó wúlò jù fún ẹni tó ń ná ọ̀nà Jẹ́dà sí Mẹ́kà ni èyí: bí éésì bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tó sì ń gbóná nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ, ẹ má tíì sọ pé gáàsì ni. Eré ọkọ̀ ló ń gbé atẹ́gùn wá bá kọ̀ńdẹ́ńsà. Bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnìkan tan ẹ́ńjìnnì àti éésì, kí ẹ dúró lókèèrè díẹ̀ kí ẹ wo fáànù. Bí ọkọ̀ yín bá ní méjì, ó yẹ kí méjèèjì yí. Bí ọ̀kan kò bá yí, ẹ wo fíúsì rẹ̀, àwòrán tó ń fi ibi tí ó wà hàn máa ń wà lára ìdérí àpótí fíúsì. Bí fíúsì tuntun bá tún jó, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ dípò rẹ̀, iná ló ń dá sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún rẹ́wáyà.

Bí fáànù bá ń yí dáadáa, ẹ tẹjú mọ́ kọ̀ńdẹ́ńsà láti iwájú. Iyanrìn, kòkòrò àti ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbé wá lè ti dí gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ fi omi họ́ọ̀sì tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára, yóò tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ mọ́ra, atẹ́gùn kò sì ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ní ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, etí lẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá tan éésì, ẹ ó gbọ́ kó dún kẹ́, irin iwájú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan kì í dún bẹ́ẹ̀, nítorí náà àìdún nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti bàjẹ́. Ẹ wo ojú ìsopọ̀ àwọn páìpù náà: gáàsì àti ọ́ìlì ló jọ ń rìn, bí ó bá ń jò, ọ́ìlì á fi ojú ibẹ̀ hàn, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ti rí ibi tí ẹ ó fi han mẹkáníìkì nìyẹn. Ẹ má fi ọwọ́ lásán di páìpù tín-ín-rín mú, ó lè jó yín.

Lákòótán, ẹ fi tẹmómítà ilé ìdáná sí ẹnu ihò àárín dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Bí ìta bá wà ní 40, tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde sì wà láàárín nǹkan bí 10 sí 15 lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, éésì yín ń sa ipá rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí éésì bá dára, kí ẹ lè mọ ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dán wò

Ẹ má rọ gáàsì nílé. Agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í ju nǹkan bí 32 sí 35 psi lọ. Agbára gáàsì inú páìpù éésì tó gbóná lè kọjá 250 psi nínú ooru Jẹ́dà. Ẹni tó bá ṣèèṣì so agolo mọ́ páìpù gbígbóná yìí, inú agolo ni agbára náà á rọ́ wọ̀, agolo a sì bú lọ́wọ́ rẹ̀. Gáàsì R-134a tó wà nínú púpọ̀ ọkọ̀ ń hó ní ìwọ̀n 26 nísàlẹ̀ òdo, ìyẹn ni pé bí ó bá ta sí ojú tàbí awọ ara, ó ń dì í ni. Bí ó bá sì kan iná, ó ń di èéfín olóró.

Gáàsì tó pọ̀ jù kò mú ọkọ̀ tutù jù. Ó ń mú kí éésì gbóná, ó sì lè fọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti lẹ ìwé kékeré sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sọ irú gáàsì náà àti iye gíráàmù tó yẹ kó gbà. Ọkọ̀ tuntun púpọ̀ ń lo R-1234yf, èyí tó lè gbiná díẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ R-134a. Ẹni tó bá ní kí ẹ lo gáàsì ìdáná nítorí pé ó dín owó, ẹ sá fún un. Bí ó bá jò sínú ọkọ̀, iná ṣìgá kan ti tó.

Ayédèrú gáàsì wà káàkiri ayé. Ní ọdún 2011, àwọn àpótí ńlá amóúnjẹ-tutù tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì kú. Ohun tí wọ́n rí nídìí rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní R-40 lú R-134a. R-40 ń bá alumíníọ́ọ̀mù jà, ó sì ń di ohun tó ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Agolo tí ẹ rà lójú pópó kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Ẹ má da oògùn tí wọ́n ní ó ń dí ojú jíjò sínú éésì. Ó lè dí ojú ihò tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá, ó sì lè ba ẹ̀rọ mẹkáníìkì tó bá fẹ́ fa gáàsì náà jáde jẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ hybrid, ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn. Iná inú rẹ̀ lè pààyàn, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ sì ní irú ọ́ìlì tirẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi òmíràn rọ́pò.

Bí ẹ bá dé sànáíyà, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì

Ẹ má sọ fún mẹkáníìkì pé kó rọ gáàsì. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un: ìgbà tó ń tutù, ìgbà tó ń gbóná, ibi tí ẹ ti rí ọ́ìlì. Ẹ ní kó wá ojú jíjò, yálà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ náítírójẹ̀nì tàbí pẹ̀lú àwọ̀ tó ń tàn lábẹ́ iná àkànṣe. Bí ó bá tú páìpù, ó gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde pátápátá kó tó rọ gáàsì, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú olọ́rinrin bíi Jẹ́dà, ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ti sé omi mọ́ inú éésì yín, omi náà á bá ọ́ìlì pò, á di ásíìdì, á sì máa jẹ irin. Ẹ dúró tì í, kí ẹ rí i pé ó fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì ní gíráàmù. Ẹ gba ẹ̀yà àtijọ́ tó yọ, ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ilé bọ̀ wá ṣe Úmúrà, bí ẹ bá háyà ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, ẹ ní kí awakọ̀ tan éésì kí ẹ tó kó ẹrù sí i. Kò sí àbùkù nínú bíbéèrè.

Bí éésì bá kú lójú ọ̀nà

Bí géèjì ooru ẹ́ńjìnnì bá ń gòkè, ẹ pa éésì kíákíá, ẹ kúrò lójú pópó, ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ gbígbóná. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ní wàhálà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ máa mu omi, kí ẹ yà sí ilé epo tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà, ọmọdé, aláboyún àti àwọn oníṣúgà sinmi nínú ibi tutù. Aṣọ tútù lọ́rùn àti lórí ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ooru gbígbẹ Mẹ́kà. Agbára rẹ̀ kéré ní Jẹ́dà, nítorí omi kì í tètè gbẹ nínú ọ̀rinrin. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kántankàntan, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tàbí tó dákú, ooru ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ pe 997, nọ́ḿbà ọkọ̀ aláìsàn Sáúdí, tàbí 911 ní agbègbè Mẹ́kà, kí ẹ sì máa da omi sí i lára títí wọn ó fi dé.

Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ì báà jẹ́ pé éésì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn lè fi ìwọ̀n 20 gbóná ju ìta lọ láàárín wákàtí kan, ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń dúró de àwọn tó wá ṣe Háàjì, ẹ má sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tàbí abẹ́ ilé. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní jí yín.

Ẹ yẹ éésì yín wò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí Háàjì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ kọ̀ńdẹ́ńsà, ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ wo fáànù. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé tí ooru kò lọ, ẹ gbé ọkọ̀ fún ẹni tó ní géèjì àti òṣùwọ̀n. Ẹ fi agolo gáàsì sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.